Kí Ni Ó Yẹ Kí A Retí Lọ́wọ́ Àwọn Guépards ní Mòrókò?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìdíje Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà yóò bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Mòrókò. Ní ọjọ́ 23, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ yóò wọ pápá ní ìlú Rabat láti kojú Kóńgò ti Kinshasa. Ìgbà karùn-ún nìyí tí Bẹ̀nẹ̀ yóò kópa nínú ìdíje yìí. Láti Kétu dé Ṣábẹ́, láti Ìdàáṣà dé Àjàṣẹ́, àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò tí ikọ̀ tiwọn kò pegedé lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: kí ni ó yẹ kí a retí?

Èrò àwọn ènìyàn pín sí méjì. Àwọn kan sọ pé lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí ní ìlú Uyo ní oṣù Kẹwàá, kò sí ohun tí ó kù láti retí mọ́. Àwọn mìíràn ní ikọ̀ yìí ti dàgbà, àti pé bí kò bá dé ìpele àṣekágbá, ó ti já wa kulẹ̀ nìyẹn. Àwa kò fara mọ́ èkínní, bẹ́ẹ̀ ni a kò fara mọ́ èkejì. Ẹrù ni ìrètí jẹ́, agbára ẹni tí yóò rù ú ni a sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára ikọ̀ yìí ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ní Tùnísíà ní ọdún 2004 ni Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìdíje náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Gánà ní ọdún 2008, bákan náà ni ó rí. Ní Àńgólà ní ọdún 2010, a gba ọ̀mì kan pẹ̀lú Mòsáḿbíìkì, a sì pàdánù méjì yòókù. Lẹ́yìn náà ni ọdún 2019 dé ní Íjíbítì, ọdún tí gbogbo wa kò lè gbàgbé. A gba ọ̀mì mẹ́ta pẹ̀lú Gánà, Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù. Àmì mẹ́ta péré yẹn ni ó gbé wa kọjá sí ìpele orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún, níbi tí a ti bá Mòrókò pàdé. Moïse Adilehou gbá góòlù sáwọ̀n, Mòrókò dá a padà, ìdíje náà sì parí sí ìgbá pẹ́náritì, tí a fi borí pẹ̀lú 4 sí 1. Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó dá wa dúró ní ìpele tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìdíje wọ̀nyí pọ̀. Ìdíje 14 ni Bẹ̀nẹ̀ ti gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà: ó pàdánù mẹ́sàn-án, ó gba ọ̀mì márùn-ún. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó borí láàrin ìṣẹ́jú 90. Kódà ìṣẹ́gun lórí Mòrókò, ọ̀mì ni ìwé ìdíje kọ ọ́ sí kí pẹ́náritì tó là á. Òtítọ́ yìí korò, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹni tí ó ń béèrè fún ife ẹ̀yẹ níláti rántí pé a kò tíì mú ìṣẹ́gun kan wálé rí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Ta ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ fún Bẹ̀nẹ̀ nínú ìdíje náà? Moussa Latoundji ni, ọmọ Àjàṣẹ́, ní ọdún 2004. Orílẹ̀-èdè wo ni ó sì gbá a sí lójú àwọ̀n? Nàìjíríà. Ní ọdún 2008, góòlù kan ṣoṣo tí a rí gbá ní Gánà, Razak Omotoyossi ni ó gbá a sínú àwọ̀n Côte d'Ivoire. Òun náà ni ó gbá pẹ́náritì wọlé fún wa ní ọdún 2010. Àkọtọ́ Faransé ti bo orúkọ wọ̀nyí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n etí wa kì í ṣì wọ́n gbọ́. Latoundji ni Látúnjí, Omotoyossi sì ni Ọmọ́tóyọ̀sí. Nínú ikọ̀ ti òní pẹ̀lú, Junior Olaitan ń jẹ́ Ọláìtán, Tosin Aiyegun tí a bí ní Nàìjíríà sì ń jẹ́ Ayégún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nígbà tí ẹ bá rí orúkọ wọ̀nyí lẹ́yìn ẹ̀wù, ẹ mọ̀ pé ilé ni wọ́n ti wá.

Lẹ́yìn ọdún 2019, ilé náà wó. Bẹ̀nẹ̀ kò pegedé fún ìdíje ti ọdún 2021, nígbà tí Sierra Leone fi góòlù kan borí wa nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn. Kò pegedé fún ti 2023 náà. Ní ọdún 2022, wọ́n pa orúkọ ikọ̀ náà dà: àwọn Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, di Guépards, ẹranko tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí ó lè bá a sáré, tí ó sì ṣì kù díẹ̀ nínú igbó ọba Pendjari àti W ní àríwá orílẹ̀-èdè wa. Àwọn kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù. Òtítọ́ ni. Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí Gernot Rohr, ẹni tí a bí ní Jámánì, gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ni ó ti kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, tí ó sì gbé wọn dé Ife Àgbáyé ní ọdún 2018.

Àtúnkọ́ ilé náà kò yára, ṣùgbọ́n a rí i pẹ̀lú ojú wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Abidjan, Jodel Dossou àti Steve Mounié gbá góòlù sáwọ̀n, a sì borí Nàìjíríà pẹ̀lú 2 sí 1. Nínú ìdíje láti pegedé fún Mòrókò, àwa àti Rwanda ní àmì mẹ́jọ mẹ́jọ. Góòlù mẹ́ta sí òdo tí a fi borí Rwanda ní Abidjan ni ó gbé wa ṣájú wọn. Nínú ti Ife Àgbáyé, nígbà tí ó ku ìdíje kan ṣoṣo, Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà lókè ìsọ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú àmì 17, níwájú Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 dé. Ní Uyo, Nàìjíríà gbá góòlù mẹ́rin sí wa, Victor Osimhen nìkan ló gbá mẹ́ta nínú wọn. A kò rí ọ̀kan dá padà. Gúúsù Áfíríkà borí tirẹ̀, ó di àmì 18, ó sì lọ sí Ife Àgbáyé. Ojú kan náà ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, èébú sì ń jáde lẹ́nu àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ lánàá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, a gba ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Lesotho, orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Bí a bá ti borí lọ́jọ́ náà, àmì 19 ni ìbá jẹ́ tiwa ní ìparí, a ò bá sì wà lókè láìka gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Uyo sí. Àwọn àgbà ní igi tí a bá fojú rénà ni ó ń gún ni lójú. Ìdíje ńlá kọ́ ni ó fa ìpàdánù náà nìkan. Ìdíje kékeré tí a kò kà sí ni ó ti kọ́kọ́ jẹ wá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó yẹ kí a gbé lọ sí Mòrókò.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù nípa Nàìjíríà. Ní ọdún 2004, 2008 àti 2010, ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n pín wa sí pẹ̀lú wọn, wọ́n sì borí wa nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àwa tí a wà ní ààlà, ìdíje yìí kì í ṣe ti àjèjì. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ láàrin ara wọn ní ọdún 1889, Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹbí kan náà ni. Àna, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti oníbàárà wa wà lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹ̀fẹ̀ fi dára ju èébú lọ. Àwọn tí wọ́n sì fi Uyo yọ̀ wá náà kò dé Ife Àgbáyé: ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ní Rabat, Kóńgò fi pẹ́náritì yọ Nàìjíríà dànù. Kóńgò kan náà ni àwa yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ta ni ó mọ̀ bóyá àwọn ará Ìmẹ̀kọ kò ní bá wa pariwo lọ́jọ́ náà?

Kí ni a wá ń retí? Ìsọ̀rí wa le. Sẹ̀nẹ̀gàl ti gba ife náà rí, Kóńgò sì wà lára àwọn mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje tí ó kọjá. Bòtswánà ni ẹnìkẹta, ìgbà kejì wọn rèé nínú ìdíje náà. Òfin ìdíje sọ pé méjì àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò kọjá, pẹ̀lú mẹ́rin tí ó dára jù lọ nínú àwọn tí ó ṣe ipò kẹta. Àmì mẹ́ta tó fún wa ní ọdún 2019. Nítorí náà, ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Bòtswánà, ni ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí Bẹ̀nẹ̀ borí lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀, kí ó má sì fojú kéré Bòtswánà bí a ti ṣe sí Lesotho. A ń béèrè pé kí ó dènà dáadáa níwájú Kóńgò, kí ó sì dé Tangier ní ọjọ́ 30 láti kojú Sẹ̀nẹ̀gàl láìsí ìbẹ̀rù. Bí ó bá dé ìpele orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ ti ṣe. Ohunkóhun tí ó bá kọjá ìyẹn, èrè ni.

A ní ohun kan láti béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pẹ̀lú. Gbogbo ìdíje tí a pè ní ti ilé nínú ìrìn-àjò yìí, Abidjan ni a ti gbá wọn, nítorí pápá wa kò bá ìlànà àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà mu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Kétu tàbí ní Pobè kò rí Mounié àti Olaitan rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Báwo ni ọmọ yóò ṣe fẹ́ràn ohun tí kì í wá sí ilé? Ìṣẹ́gun Abidjan dùn, ṣùgbọ́n ìbá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kútọnu.

Ní ti àwa alátìlẹ́yìn, iṣẹ́ tiwa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro. Kí a má sọ ọmọkùnrin tí ó bá ṣi pẹ́náritì gbá di ọ̀tá ìlú. Kí a má pa iṣẹ́ ọdún mẹ́ta run nítorí ìṣẹ́jú 90. Ẹni tí ó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ilé tí a ń tún kọ́ yìí ti kúrò ní ìpìlẹ̀, ògiri rẹ̀ ti ń ga. A kò tíì kan òrùlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ara wa, ọmọdé àti àgbà, kí a pe orúkọ àwọn ọmọ wa bí a ti ń pè wọ́n nílé, kí a sì dúró tì wọ́n títí dé ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn ní Tangier.