Ẹ Má Dákẹ́ Fún Báńkì: Bí A Ṣe Bá Alépo Kan Gba Owó Rẹ̀ Padà

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàrí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu. Ọ̀rọ̀ báńkì ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa pé, "Báńkì tún ti gé owó mi." Bí a bá sọ ọ́ tán, a ó mí kanlẹ̀, a ó gbé igbá wa, ó parí. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. 50 náírà lónìí, 100 náírà lọ́la, kí ọdún tó yípo, owó ọjà ti lọ, a kò sì mọ ibi tó gbà lọ.

Ọ̀kan nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Epo pupa ló ń tà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ báńkì rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti parí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló kù tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ọjà wà nílẹ̀, ẹni tí yóò rà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kódà lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 3 March ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, owó kò tètè jáde. Ní oṣù March yẹn ni alépo wa yìí jí lọ sí Ìkàrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tò sídìí ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn. Nígbà tó kàn án, ẹ̀rọ náà kùn títí, kò pọ owó kankan. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ dún: 20,000 náírà ti jáde nínú akáńtì rẹ̀.

Ó lọ sí báńkì tirẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò padà fúnra rẹ̀." Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé láti June 2020 ni Báńkì Àpapọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, ti pàṣẹ pé bí ẹ̀rọ báńkì mìíràn bá gé owó ẹni tí kò sì san án, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kí owó náà tó padà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, owó ọkọ̀ fò sókè. Ọkọ rẹ̀ tún wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Owó tó yá ní báńkì, 200,000 náírà, ó ṣẹ́ kù 120,000 tòun ti èlé tí kò rí san. Báńkì wá ń fi owó ìtanràn lé e lóṣooṣù, títí ìtanràn nìkan fi di 8,400. Ní ìpàdé wa ti July 2024 ló dìde, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ta àwọn dúrọ́ọ̀mù epo òun kí òun lè san gbèsè. Ẹ gbọ́ ná, alépo tó bá ta dúrọ́ọ̀mù, kí ló kù tí yóò máa fi ṣòwò?

Ìyálọ́jà ní kí àwa mẹ́ta tẹ̀lé e lọ. Ìwé mẹ́fà ni àwa tí a ń kọ èyí kà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé lọ́yà la jẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí tábìlì ní báńkì kò kọ́kọ́ dá wa lóhùn dáadáa. A bi í léèrè ohun tí wọ́n ń gé owó fún, ó ní, "Màmá, kọ̀ǹpútà ló ń yọ ọ́." Ọ̀kan nínú wa ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà?" Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn la sọ ohun tí a bá wá: kí wọ́n tẹ sitétímẹ́ǹtì akáńtì náà jáde fún wa, láti January 2022 títí dé June 2024.

A gbé ìwé náà lọ bá ọmọ ọmọ ọ̀kan nínú wa tó wà ní yunifásítì Àkùngbá. Ọmọ náà ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àwa ń fi ẹ̀wà àti àgbàdo ṣírò. Gígé tí òfin gbà, ẹ̀wà. Èyí tí kò gbà, àgbàdo.

Ẹ̀wà ni owó àlàátì orí fóònù, tó jẹ́ 4 náírà nígbà yẹn, tó ti di 6 náírà láti May 2025. Ẹ̀wà ni 50 náírà ti ìjọba lórí 10,000 náírà sókè. Ẹ̀wà ni owó ìfiránṣẹ́, ìyẹn 10 náírà, 25 tàbí 50, bí owó tí a fi ránṣẹ́ bá ṣe tó. Ìwọ̀nyí kò ṣe é jà sí.

Àgbàdo kìíní ni 20,000 ti ATM yẹn. Èkejì ni owó tí wọ́n ń pè ní "maintenance", 6,150 náírà lápapọ̀. Owó yìí ló rọ́pò COT ní ọdún 2016, 1 náírà lórí 1,000 ni, àwọn tó ní akáńtì "current" nìkan ló wà fún. "Savings" ni ti alépo wa! Ẹ̀kẹta ni owó káàdì. Láti January 2020, 50 náírà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni òfin sọ fún "savings", ṣùgbọ́n 50 lóṣooṣù ni wọ́n ń gé. Nínú oṣù 30, wọ́n gba 1,500 dípò 500, àṣejù 1,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,150 náírà.

A kọ lẹ́tà kan tí kò ju ojú ìwé kan lọ, a to ọjọ́ àti iye owó sínú rẹ̀, a so fótòkọ́pì sitétímẹ́ǹtì mọ́ ọn. A mú ẹ̀dà méjì lọ, a ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí a mú un padà. A sì gba nọ́mbà ẹ̀sùn, nítorí CBN ló ní kí báńkì máa fún ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá.

Ní ọjọ́ kejìlá, mánija ránṣẹ́ pè wá. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní omi. Ó wá ní, "Ẹ̀yin màmá wa, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì, kí a dá 13,000 padà, kí ọ̀rọ̀ tán." Alépo wa ti ń kúnlẹ̀ láti dúpẹ́! A fa ìró rẹ̀. A ní, "Ẹ dìde, ìyá. Owó yín lẹ̀ ń gbà, ẹ kò tíì gba ọrẹ." A wá sọ fún mánija wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò bá tíì yanjú, àwa yóò mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn lọ sí ẹ̀ka CBN ní Àkúrẹ́. A kò pariwo, a kò bú ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, 27,150 wọlé, kò dín kọ́bọ̀ kan.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tó kù yìí, nítorí òun gan-an ni ẹ̀kọ́. Ìtanràn 8,400 orí gbèsè, òfin gbà á láàyè. A kò lè fi agbára béèrè fún un. Ibẹ̀ la ti wá bẹ̀bẹ̀. A kó ìwé ilé ìwòsàn ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. A kò sọ pé kò ní san, a sọ bí yóò ṣe san án: 10,000 lóṣooṣù fún oṣù 12, láti September 2024. Mánija fagi lé ìdajì ìtanràn, ìyẹn 4,200, ó sì ní òun kò ní fi òmíràn lé e bí kò bá yẹ àdéhùn. Kò yẹ̀ ẹ́. Ní August 2025 ló san èyí tó kẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ o. Èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín, ẹ má fi ìjà wá a.

Kódà nílùú ọba, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láti nǹkan bí ọdún 2006 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ti ń béèrè owó ìtanràn tí báńkì gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, àwọn aláṣẹ sì dá ìbéèrè gbogbo dúró láti July 2007, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí báńkì ṣì máa gbọ́ ti àwọn tí ìnira owó bá. Ní 25 November 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn dá àwọn báńkì láre. Àwọn tó ti ṣàlàyé ìnira wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ti rí ẹni gbọ́ wọn ṣáájú ìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ mọ irú akáńtì tí ẹ ní, "savings" tàbí "current".
2. Ẹ má pa àlàátì rẹ́ lórí fóònù. Ẹ kó rísíìtì ATM àti POS sínú ọ̀rá kan.
3. Ẹ gba sitétímẹ́ǹtì lọ́dọọdún, kí ọmọ tó gbọ́ ìwé kà á fún yín.
4. Ẹ kọ ẹ̀sùn sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ.
5. Láti March 2025, ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn ń gba 100 náírà lórí 20,000, kò sí ìgbà mẹ́ta ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹ máa lo ti báńkì yín.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí irú èyí bá ṣe, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé. Ẹ̀wà wà nílẹ̀, àgbàdo wà nílẹ̀, a ó jọ ṣírò rẹ̀ ni.

Ọjà á tà o. Ire o.