Láti Mápó dé Yunifásítì: Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Nínú Ìmọ̀ Ìṣèlú

Ìmọ̀ ìṣèlú, tí fọ́ọ̀mù JAMB ń pè ní Political Science, ni ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí àwọn kan ṣe ń dé orí àlééfà, ohun tí wọ́n ń fi agbára ṣe, àti ọ̀nà tí ará ìlú lè gbà bi wọ́n léèrè. Kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́ olóṣèlú. Ọ̀pọ̀ òbí ní Àrẹ̀mọ, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ní ìlú Ìbàdàn ló jẹ́ pé bí ọmọ bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí, tọ́ọ̀gì àti owó ìbò ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Ìbẹ̀rù wọn nídìí, nítorí ojú wọn ti rí nǹkan ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba àwọn òbí wọ̀nyí lẹ́rù gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ yẹ̀ wò ní kíláàsì: kí ló dé tí ìbò fi ń dìjà, ta ló ń jèrè rẹ̀, irú òfin wo ló sì lè dá a dúró?

Ọ̀rọ̀ nípa ìjọba ti pẹ́ láyé. Aristotle ará Gíríìsì àtijọ́ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó ìtàn ìjọba ìlú 158 jọ kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé ìwé gíga, kò tíì pẹ́ púpọ̀: ọdún 1872 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Paris, tí Yunifásítì Columbia ní New York sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1880. Ní Ìbàdàn, ọdún 1948 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì London, ó sì di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Ní àwọn ọdún tó yí òmìnira ká ni ìmọ̀ ìṣèlú gbilẹ̀ níbẹ̀, láàárín ìgbà tí Nàìjíríà ń wá bí yóò ṣe máa ṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn olùkọ́ bíi Billy Dudley àti E. U. Essien-Udom kò kàn ń ka ìwé òyìnbó fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé tiwọn ni wọ́n ń kọ. Dudley kọ ìwé lórí ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìṣèlú Àríwá Nàìjíríà ní 1968.

Peter Ekeh, tí òun náà kọ́ni ní Ìbàdàn, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1975 tí wọ́n ń kà ní yunifásítì káàkiri àgbáyé títí dòní. Ohun tó sọ níbẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ṣe ń rí. Ó ní àwùjọ méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹbí, ìlú àti ẹ̀yà rẹ̀: níbẹ̀, ó ń dá owó, ó ń ṣiṣẹ́, ìtìjú ńlá sì ni bí akápò bá fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Èkejì ni ti ìjọba, èyí tí òyìnbó gbé kalẹ̀ láìbi ará ìlú léèrè. Níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kó owó ọ́fíìsì wálé lè gba oyè láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kó owó ẹgbẹ́, wọn kò ní dárí jì í. Ekeh kò sọ pé ọmọ Áfíríkà kò ní ìwà. Ìtàn ìjọba amúnisìn ló tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun ìpín ọkàn yìí, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń bá a jiyàn títí di òní. Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó mú ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí, ó sì wá ìdí rẹ̀ débi tí ọ̀pọ̀ kò tíì dé.

Ìlú Ìbàdàn àtijọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ńlá fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìdílé ọba ló ń fi ọmọ oyè kalẹ̀. Ìbàdàn kò ní irú ìdílé bẹ́ẹ̀, nítorí ibùdó jagunjagun ló ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́gàjí agboolé ló ń wọ ẹsẹ̀ oyè, a sì máa gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà Ọ̀tún tàbí ti Balógun, títí yóò fi kan ẹni tó wà lókè pátápátá. Ìlà méjèèjì ló ń gba ipò Olúbàdàn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Orúkọ Olúbàdàn gan-an, ọdún 1936 ni wọ́n fi í rọ́pò Baálẹ̀. Ètò yìí ti gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìjà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n arúgbó ló sábà máa ń dé òkè. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí dé olóyè ìlú náà mọ́kànlélógún ládé ọba ní 2017, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́. Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bi ara rẹ̀ pé: agbára ìjọba ìpínlẹ̀ dé ibo lórí oyè?

Gbọ̀ngán Mápó náà ní ìtàn tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ń jókòó nígbà tí Adégòkè Adélabú, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Pẹnkẹlẹmẹẹsì, di alága ní 1954. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹta ọdún 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ken Post àti George Jenkins kọ odidi ìwé lórí Adélabú, tó jáde ní 1973, láti ṣàlàyé bí ẹnì kan ṣe lè di ohùn mẹ̀kúnnù. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí wọ̀ lọ́rùn, tí owó kòkó kò sì tó nǹkan, gbé ìjà wọn wọ ìlú títí dé Mápó. Ìjà yìí, tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, náà di ìwé lọ́wọ́ Christopher Beer ní 1976.

Àpẹẹrẹ kan wà tó fi hàn kedere pé ìṣirò pàápàá wọ inú ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn aṣòfin Ọ̀yọ́ méjìdínlógún kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò. Aṣòfin méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní ilé. Abala 188 ìwé òfin ọdún 1999 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn méjìlélógún ó kéré tán. Abala náà tún sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, dáhùn pé ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà nìkan ló lè sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ládọjà padà sípò. Ní 2025, nípasẹ̀ àtẹ̀gùn oyè tí a ti sọ, òun náà ló di Olúbàdàn.

Láti wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ nílò kírẹ́dítì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Government tàbí History wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń béèrè ìṣirò. Nínú UTME, Gẹ̀ẹ́sì àti Government tàbí History náà ló ṣe pàtàkì, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ méjì mìíràn. Ọdún mẹ́rin ni. Ìṣèlú Nàìjíríà àti àwọn ìpìlẹ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni èrò àwọn ọlọ́gbọ́n láti Plato dé Marx, àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ ìjọba, àti ìfiwéra ìjọba kan pẹ̀lú òmíràn. Ẹ̀kọ́ ìwádìí ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: bí a ṣe ń bi àwọn olùdìbò léèrè láìfi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, àti bí a ṣe ń ka iye. Òun ni wọn yóò lò nínú iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn, èyí tí ọmọ Àrẹ̀mọ lè ṣe lórí wọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, kò sí iṣẹ́ kan pàtó tó ń dúró dè wọ́n bíi ti dókítà, ó sì yẹ kí àwọn òbí mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Àwọn kan ń lọ sí iṣẹ́ ìjọba, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àjọ INEC, ilé ìròyìn, tàbí àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ yóò tún gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni, ẹni tó bá sì fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oyè ìmọ̀ òfin kó tó lè wọ Law School.