Fláàṣì Kan, Kọ̀ǹpútà Mẹ́sàn-án: Bí A Ṣe Jí Yàrá Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa

Nígbà tí a ń múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún yìí, a ṣí yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ní Bọ́lọ́rundúró, a sì bá kọ̀ǹpútà méjìlá níbẹ̀ tí eruku ti bò. Òmíràn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó jí. Òmíràn kò jí rárá. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ni ẹ fi wọ́n ta ilé-ìwé lọ́rẹ nígbà tí Windows 10 ṣì wà lórí àléfà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún un, Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba kọ̀ǹpútà tí ó dàgbà tó tiwa.

Àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹni tí ń ṣe ìdánwò JAMB ti ń ṣe é. Ọmọ tí kò di máòsì mú rí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó yóò máa bá ẹ̀rọ jà ní àkókò tí ó yẹ kí ó fi ronú sí ìbéèrè. Owó kọ̀ǹpútà tuntun kò sì sí nínú àpò ilé-ìwé. Ohun tí ó wà ni fláàṣì kan tí ó gba 16GB. Òun ni a fi jí mẹ́sàn-án nínú méjìlá náà, a sì fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, kí òbí tí ó ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà nílé lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Linux ni orúkọ ètò tí a fi rọ́pò Windows. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, kí ó lò ó, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò láìrú òfin kẹjọ, èyí tí a kò lè sọ nípa ọ̀pọ̀ Windows tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí ó ní, Linux Mint Xfce ni a yàn nítorí pé kò wúwo: kọ̀ǹpútà tí ó ní RAM 2GB lè gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló tù ú lára.

Linux kì í ṣe àjèjì sí ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti kó kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ń pè ní Classmate, 17,000 níye, wá fún àwọn ilé-ìwé wa, Linux ti ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ni yóò sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí, tí wọ́n ní Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Inú bí François Bancilhon, olórí Mandriva, ó sì kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ olórí Microsoft. Àwọn tí ń tà ni wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà lókè. Lọ́dọ̀ wa, orí tábìlì nínú kíláàsì ni a ti pinnu.

Fáìlì kan ṣoṣo ni a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìparí orúkọ rẹ̀ ni .iso, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Òru ni a fi gbà á, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúyẹ́. Fáìlì tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà lè dà bí odindi, nítorí náà a yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn tí ń ka owó ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tó ṣe Mint kọ àmì kan sílẹ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àti lẹ́tà 64, tí wọ́n ń pè ní SHA256. Lórí Windows, àṣẹ certutil -hashfile, tí a kọ orúkọ fáìlì àti SHA256 tẹ̀ lé, yóò gbé àmì ti ẹ̀dà tiwa jáde. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ tún fáìlì náà gbà. Tiwa àkọ́kọ́ yàtọ̀. Òru méjì ni a fi ṣe é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ló kù. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sínú fláàṣì bí ẹni ń ṣe ẹ̀dà orin, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ó gbé àpò irúgbìn lé orí ebè kò tíì gbin nǹkan. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, kò tíì lè ka fáìlì .iso, àyè pàtó kan ló ń wò lórí fláàṣì tàbí dísìkì, bóyá ohun tí yóò jí i wà níbẹ̀. A ní láti tú fáìlì náà, kí a sì to ohun inú rẹ̀ sí àyè rẹ̀. Rufus ló ń bá wa ṣe é lórí Windows: a yan fláàṣì, a yan fáìlì .iso, a tẹ Start.

Rufus kìlọ̀ pé gbogbo ohun tí ó wà lórí fláàṣì náà yóò parẹ́. A kánjú kọjá ìkìlọ̀ náà. Fláàṣì méjì ló wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, tiwa àti ti ẹgbẹ́ akọrin, bákan náà sì ni ìwọ̀n wọn. Ti ẹgbẹ́ akọrin ni a yàn. Ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ orin ilé-ìwé níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà nínú rẹ̀, a kò sì rí i gbà padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ẹ̀dà rẹ̀, a bẹ̀ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Láti ọjọ́ náà, a kì í ṣí Rufus àyàfi bí fláàṣì kan ṣoṣo bá wà lára kọ̀ǹpútà.

Ìyókù kò le. A pa ògbólógbòó kọ̀ǹpútà, a ki fláàṣì bọ̀ ọ́, a tàn án, a sì ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra kí Windows tó yọjú: F12 lórí Dell àti Lenovo, F9 lórí HP. A yan fláàṣì nínú àkójọ tí ó jáde, Linux sì ṣí láti orí rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti kíbọọ̀dù wò. Nígbà tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tó fi í sórí kọ̀ǹpútà pátápátá, nítorí bí ẹ bá gbà kí ó pa dísìkì rẹ́, àwòrán ìgbéyàwó àti àkọsílẹ̀ owó kòkó bàbá yóò bá a lọ. Ẹ ti gbọ́dọ̀ kó wọn síbòmíràn ṣáájú.

Nínú mẹ́ta tí kò jí, dísìkì méjì ti kú, ẹ̀kẹta kò ní ju RAM 1GB lọ. A gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: àwọn ètò ìgbáradì JAMB kan wà tí orí Windows nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ wa tẹ̀ fúnra wọn ni àwọn ọmọ ń lò báyìí, LibreOffice tí ó bá Mint wá ni wọ́n sì fi ń kọ́ ìwé títẹ̀.

Fláàṣì náà wà lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa. Òbí tí ó bá fẹ́ lò ó lè wá ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Kí ó mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ṣájà rẹ̀ dání.