Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé: kí ló dé tí owó ńlá rẹ̀ kò fi dé Ìjẹ̀bú?

Lẹ́yìn Ojúde Ọba, gààrí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀. Gààrí funfun tó kan, tó gbẹ dáadáa, tí ènìyàn ń fi omi tútù mu lọ́sàn-án gangan. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá látilẹ̀wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun Áfíríkà.

Àwọn Potogí yìí kan náà ti mọ Ìjẹ̀bú tipẹ́. Láàárín 1505 sí 1508 ni Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ó ní ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń rà níbẹ̀, ẹ̀gbà idẹ ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ìyẹn Erédò Sùngbọ́, ṣì wà títí di òní. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, igbó sì ti bo ibi púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí Ìjẹ̀bú wà gan-an ló sọ wọ́n di olówó. Ọ̀sà wà ní gúúsù wọn, ọ̀nà Ìbàdàn wà ní àríwá. Ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń ti Èkó lọ sókè ló ń gba ọwọ́ wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò kọjá ọjà ààlà bíi Ejìnrìn. Èyí ló bí gómìnà Èkó, Gilbert Carter, nínú. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, lásìkò Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Abẹ́òkúta ló gbà kọjá, kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Bí agbára oníbodè ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Lóde òní, ìkànìyàn 2006 ni a ṣì fi ń ṣírò: 140,431,790 ní gbogbo Nàìjíríà, 3,751,140 ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní a ti lé ní 220 mílíọ̀nù. Gbogbo ẹnu wọ̀nyí ló ń jẹun, ẹ̀gẹ́ sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nǹkan bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ ni Nàìjíríà ń kó lóko lọ́dún kan, kò sí orílẹ̀-èdè tó tó o. Ti Thailand kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, Thailand ni olórí àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ sókè òkun.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń bàjẹ́. Àwọn ará Thailand ń gé tiwọn wẹ́wẹ́, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń tà á fún Ṣáínà. Wọ́n tún ń fi ṣe sítáàṣì. Hẹ́kítà ilẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn ń mú nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù jáde. Tiwa kì í sábà pé 10.

Ní Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, wọ́n á dà á sápò, wọ́n á gbé òkúta tàbí jáàkì lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ọjọ́ tó ń lò nínú àpò ló ń mú un kan, òun ló sì ń bá wọn dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án nínú èéfín tí ń ta ojú. Wọn kì í fi epo sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pupa, kó wá a lọ sọ́nà Benin. Iṣẹ́ yìí le ju owó tó ń mú wọlé lọ.

Ìjọba ò ṣàìgbìyànjú. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ṣe ààrẹ láti 1999 sí 2007, ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà. Dókítà Akínwùmí Adéṣínà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015, tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ jáde. Àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè ló ṣì ń ṣe búrẹ́dì wa.

Nǹkan kan ti yí padà ṣá. Ní 2023 ni èbúté ńlá Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sì so Ìjẹ̀bú-Òde pọ̀ mọ́ apá ibẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà òkun tún ti sún mọ́ wọn bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, gààrí tó ń dé ṣọ́ọ̀bù Peckham ní London, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á.