Ewúro inú ike kò lè gba iṣẹ́ oògùn ṣúgà ṣe

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí n kì í rí fídíò ẹni tó ń ta ewúro lílọ̀, kápúsù mọ̀ríńgà tàbí tíì kan tó ní ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí màmá àti bàbá wa lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: kí ni oúnjẹ lè ṣe sí àrùn yìí, kí sì ni kò lè ṣe?

Insulin ló ń ran ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wọ inú ara, kí ara lè rí agbára lò. Nínú irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù, ara kì í dá insulin lóhùn dáadáa mọ́, ṣúgà á wá kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kéèyàn tó jẹun, 100 sí 125 mg/dL jẹ́ ìkìlọ̀. Tó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn.

Oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ níbí lóòótọ́. Ẹ̀wà ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn, tó ń jẹ́ kí ṣúgà máa wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abọ́ ẹ̀wà kan kì í fi gbé ṣúgà sókè bíi abọ́ ìrẹsì funfun. Fáíbà inú óòtì náà, gíráàmù 3 lóòjọ́, lè dín ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Ewúro ńkọ́? Ìwádìí lórí eku fi hàn pé ó lè mú ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe lórí èèyàn ò pọ̀ rárá.

Àwọn kan á ní oògùn òyìnbó ló ń bá ewé jà. Irọ́ ni. Ara ewéko kan ní Yúróòpù, Galega officinalis, ni ọ̀nà metformin ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà inú ewéko náà ń mú ṣúgà wálẹ̀, àmọ́ ó ní májèlé. Àwọn onímọ̀ wá ṣe èyí tó jọ ọ́ tí ara lè gbà. Lọ́dún 1957, dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, tẹ àbájáde lílò rẹ̀ fún aláìsàn jáde. Àyẹ̀wò àti ìwọ̀n tó dájú ló sọ ọ́ di oògùn.

Ẹ wo ara ike àgbo tí ẹ rà dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí i lẹ́tà kéékèèké pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn sàn.

Ewu rẹ̀ pín sí méjì. Ẹni tó bá pa oògùn tì nítorí àgbo, ṣúgà lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé ó ń dùn ún. Ẹni tó bá sì da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn bíi glibenclamide, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ó tiẹ̀ lè dákú.

Nítorí náà, ẹ se ẹ̀wà fún màmá, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un, kí ẹ sì dín ẹ̀bà kù. Tí wọ́n bá fẹ́ mu nǹkan inú ike, kí dókítà wọn kọ́kọ́ gbọ́ sí i. Oògùn wọn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró.