Gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú: Kí ló yẹ kí o tún ṣe lára rẹ̀ kó lè dún dáadáa?

Kí Mdou Moctar, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, tó di ìlúmọ̀ọ́ká atagìtá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gìtá àkọ́kọ́ tó ní. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe okùn rẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀, ohun kan náà ni Ibrahim Ag Alhabib ti Mali ṣe. Agolo, igi àti wáyà bíréèkì ló fi ṣe gìtá nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹgbẹ́ olórin Tinariwen tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Grammy lọ́dún 2012.

Lónìí, láti Niamey dé Accra, láti Jos dé Calabar, gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú tàbí tòkunbọ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ká. Ìka á máa dùn wọ́n, ohùn gìtá á máa yẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa kùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ yìí la ríra gìtá mìíràn lọ. Àwọn àtúnṣe tó yẹ kó ṣáájú nìyí.

Okùn ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀

Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin máa ń mú okùn dípẹtà. Okùn tó bá ti dípẹtà kì í dún ketekete, ohùn rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Okùn tuntun ni àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èyí tí okùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù jẹ́ 0.009 íǹṣì máa ń rọ ìka lọ́rùn ju ti 0.011 lọ. Fi aṣọ gbígbẹ nu okùn náà nígbàkúùgbà tí o bá ta á tán.

Ṣé ọrùn gìtá náà tọ́?

Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń fa ọrùn gìtá síwájú. Nínú ọrùn ọ̀pọ̀ gìtá oníná, irin gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní truss rod. Òun ló ń bá okùn du igi náà kó má baà tẹ̀.

Ojú ọjọ́ náà máa ń da igi láàmú. Lásìkò ọyẹ́ ní Kano tàbí Agadez, igi á gbẹ, á sún kì, etí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ìyẹn fret, á sì máa ha ènìyàn lọ́wọ́. Létí òkun, ọ̀rinrin á mú igi náà wú. Ìdí nìyí tí gìtá tó dára ní Port Harcourt fi lè yí padà tó bá dé Kano.

Tí o bá fẹ́ yí truss rod, má ṣe yí i ju ìdá mẹ́rin òbìrípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì wò ó kí o tó yí i sí i. Tó bá le, fi í sílẹ̀, kí o gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Tó bá kán, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó gìtá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí o wo bí okùn ṣe ga tó. Ní fret kejìlá, nǹkan bíi mìlímítà 1.5 sí 2 ló máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, okùn á máa gbọ̀n lára irin.

Tí ohùn kò bá dúró ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ra kọ́kọ́rọ́ tuntun tí wọ́n fi ń fa okùn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, inú ihò tóóró tí okùn gbà kọjá lórí ọrùn gìtá ló ti ń há. Fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù pa inú ihò náà ná.

Ìgbà wo ló yẹ kí o pààrọ̀ pickup?

Pickup ni òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ wé lọ́pọ̀ ìgbà. Tí okùn irin bá gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré á jáde nínú wáyà náà, ẹ̀rọ amplifier á sì sọ ọ́ di ohùn ńlá.

Èyí tó ní wáyà kan ṣoṣo máa ń gbé ariwo iná mọ̀nàmọ́ná mọ́ra. Lọ́dún 1955, Seth Lover ti ilé iṣẹ́ Gibson ṣe humbucker, níbi tí wáyà méjì ti ń pa ariwo ara wọn.

Pickup tuntun lè yí ohùn padà gan-an, àmọ́ kò lè tún ọrùn tó wọ́ ṣe. Kọ́kọ́ fi amplifier mìíràn dán gìtá náà wò, nítorí sípíkà tí kò dáa lè ba ohùn gìtá gidi jẹ́.

Iná kì í ṣe ohun àfiṣeré

Lọ́dún 1972, iná gbé Leslie Harvey, atagìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, lórí ìtàgé ní Swansea ní Wales, nígbà tó fọwọ́ kan máíkì. Wáyà ilẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń ṣeré, ó sì kú.

Níbi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣeré, ewu yìí kò jìnnà. Má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì amplifier. Tí iná bá ń ta ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí o bá fọwọ́ kan okùn tàbí máíkì, dúró, kí o sì pe oníná. Má sì tú inú amplifier fúnra rẹ, nítorí iná lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára iná.

Nítorí náà, okùn ló ṣíwájú, ọrùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ihò okùn. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí tán, tí ohùn náà kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló yẹ kó máa ronú owó pickup.