Ìdánrawò Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ Nínú Ayé Àfarawé

Bí agbẹ́gilére bá ṣi àáké gbé, a ju igi náà nù, a sì mú òmíràn. Oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí orí kan ṣoṣo ni Ẹlẹ́dàá fún olúkúlùkù. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ, ìríran, tàbí ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ. Láti ìgbà pípẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí a máa fi òkú kọ́ ọwọ́, a sì máa dúró ti ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára òkú, kò sì sí òkú tí àrùn rẹ̀ bá ti aláìsàn mu ní gbogbo ọ̀nà.

Àlàfo yìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní virtual reality wá dí. A ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT àti MRI ya àwòrán inú orí aláìsàn ní ìpele-ìpele, bí ìgbà tí a bá gé iṣu ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Kọ̀ǹpútà a to àwọn àwòrán náà pọ̀, títí agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti kókó àrùn yóò fi hàn ní odindi. Dókítà a de awò sójú, a sì dà bí ẹni tí ó wọ inú orí náà lọ. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, irin iṣẹ́ a máa ta kò ó lọ́wọ́, kí ó lè mọ ibi tí ó le yàtọ̀ sí ibi tí ó rọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní ìlú Halifax ní Kánádà, Dókítà David Clarke fi ẹ̀rọ NeuroTouch yọ kókó kan nínú àwòrán ọpọlọ obìnrin kan. Kò pé ọjọ́ kan lẹ́yìn náà tí ó fi yọ kókó náà gan-an kúrò lórí obìnrin yìí.

Iṣẹ́ ti ọdún 2022 ní Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, nira ju èyí lọ. Orí ìbejì ọkùnrin méjì, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ̀ mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn sì wọnú ara wọn. Àpá iṣẹ́ abẹ tí a ti gbìyànjú tẹ́lẹ̀ tún mú kí ọ̀ràn náà le sí i. Dókítà Owase Jeelani ti Lọ́ńdọ̀nù àti Dókítà Gabriel Mufarrej ti Rio ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn dókítà ìlú méjèèjì fi ń pàdé nínú yàrá àfarawé kan náà, bí òkun tilẹ̀ wà láàárín wọn, tí wọ́n ń dán ìyapa àwọn ọmọ náà wò. Ẹ̀ẹ̀meje ni a ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn; méjì tí ó kẹ́yìn nìkan gbà ju wákàtí 33 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lọ́wọ́ sí i sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Àwọn ọmọ méjèèjì yè é. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Síbẹ̀, àfarawé kì í ṣe ohun gan-an. Nígbà tí a bá ṣí agbárí, omi tí ó yí ọpọlọ ká a máa ṣàn jáde, ọpọlọ a sì sún kúrò ní ipò tí ó wà nígbà tí a ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán kò mọ èyí; ojú àti ọwọ́ dókítà ni yóò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀rọ yìí kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí ń kọ́ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí àṣìṣe ìkọ́ṣẹ́ máa bọ́ sórí àwòrán, dípò orí aláìsàn.